Àtàǹpàkò ìyá alákàrà

Láàárọ̀ yìí ní ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí, mo ń dúró de àkàrà mi ni mo rí i pé ọwọ́ òsì ni ìyá alákàrà fi ń da ẹ̀wà sínú epo. "Ìyá, kí ló ṣe ọ̀tún yín?" Wọ́n na àtàǹpàkò sí mi. Ẹ̀yin ará! Etí èékánná wú, ó pọ́n bí ata rodo, ọyún funfun hàn lábẹ́ awọ. Wọ́n ní ó ń ro àwọn mọ́jú, àwọn ò fojú ba oorun.

Wọ́n fi eyín fa awọ tó ṣí létí èékánná ni. Ẹni tó ń fọ èèpo ẹ̀wà látàárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbẹ, kòkòrò àrùn á sì rí ọ̀nà wọlé.

Àǹtí kan ti yọ abẹ́rẹ́ lára gèlè, ó ní òun á tú u. Mo figbe ta! Ká tiẹ̀ ní kò tíì gbọyún ni, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọn ì bá máa ri ìka bọ̀, bí ìṣẹ́jú 15, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin lójúmọ́. Ọyún tó ti gbára jọ, nọ́ọ̀sì ló ń tú u. Bí ó bá jẹ́ alátọ̀gbẹ ni, kò gbọdọ̀ fi falẹ̀ rárá.

Mo ní kí wọ́n ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ìyá wò mí: "Ọmọ mi, ṣé ìwọ lo máa bá mi fọ ẹ̀wà tòní?" Wọ́n sáà gun zémí, ọ̀kadà wa níbí, lọ sílé ìwòsàn.

Ṣé irú rẹ̀ ti ṣe yín rí? Kí lẹ lò sí i?