Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ẹ gba abẹ́rẹ́ flu àti Kòfídì yín kí ọkọ̀ tó ṣí ní Southampton

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì krúùsì, ìyẹn ìrìnàjò afẹ́ lórí ọkọ̀ ojú omi, àbí tẹ́ ẹ ń gbèrò àtirà á, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ohun tójú wa rí lórí omi lọ́dún 2024 ni mo fẹ́ sọ, torí láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ fún mi pé òun ń lọ krúùsì, nǹkan àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi í ni pé ọjọ́ wo lọkọ̀ ẹ ń ṣí, ṣó o ti gba abẹ́rẹ́ flu àti ti Kòfídì, ìgbà wo lo sì gbà á. Ìgbà tó o gbà á yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

London là ń gbé, apá Thamesmead. Màámi ń pé 70 ọdún lọ́dún yẹn, ọmọ Èkó ni wọ́n, Campos ni wọ́n dàgbà sí, láàárín àwọn Àgùdà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ọ́ pé ó wu àwọn káwọn fojú rí ìlú àwọn Potogí tó sọ Èkó ní Lagos. Èmi àtàwọn àbúrò mi wá dáwó jọ, a mú krúùsì ọlọ́jọ́ méje tó ń ṣí láti Southampton, tó máa yà ní La Coruña ní Spéìn, tó sì máa dé Lisbon, olú ìlú àwọn Potogí, lọ́jọ́ ìbí wọn gan-an. A ra aṣọ òkè, a rán an, a ra bàtà tó bá a mu, gbogbo ẹ̀ la ṣe tán. Abẹ́rẹ́ nìkan la ò ṣe.

Kì í sì í ṣe pé kò sí o. Ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ni NHS, ìyẹn iléeṣẹ́ ìlera ìjọba níbí, bẹ̀rẹ̀ sí í gún àwọn àgbà lọ́dún 2024, ẹni tó bá ti pé 65 lẹ́tọ̀ọ́ sí méjèèjì lọ́fẹ̀ẹ́, ọkọ̀ tiwa sì di ọjọ́ 26, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la ní lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni GP Màámi, ìyẹn dọ́kítà àdúgbò wọn, fi téèsì ránṣẹ́ sí wọn. Màámi ní ṣebí àwọn ti gba ti Kòfídì nígbà Kòrónà, kí ló tún kù, èmi náà ní ká jẹ́ ká lọ ká bọ̀ ná, torí mi ò fẹ́ kí apá máa dùn wọ́n nígbà tí wọ́n bá fẹ́ wé gèlè. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ flu lọ èmi alára níbi iṣẹ́, mo ní tí mo bá dé. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún Tóbi ọmọ mi nílé ìwé, fún flu tí wọ́n ń fín sí àwọn ọmọdé nímú, inú báàgì mi ló wà láìfọwọ́ sí títí a fi wọkọ̀.

Ohun tó tún tàn mí ni pé kò sẹ́ni tó béèrè. Lọ́dún 2021 tí krúùsì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn ò ní jẹ́ kí àgbàlagbà wọkọ̀ láìsí ìwé abẹ́rẹ́ Kòfídì, ṣùgbọ́n nígbà tiwa, pásípọ́ọ̀tù àti tíkẹ́ẹ̀tì nìkan ni wọ́n wò. Mo wá gbà lọ́kàn mi pé tí wọn ò bá béèrè mọ́, á jẹ́ pé kò sí ewu mọ́. Ewu wà o. Ẹ rántí ọkọ̀ Diamond Princess tí wọ́n dá dúró sí Yokohama ní Japan ní oṣù kejì ọdún 2020, èèyàn 3,711 ló wà nínú ẹ̀, 712 ló kó Kòfídì. Lóòótọ́ abẹ́rẹ́ ò tíì sí nígbà yẹn, ṣùgbọ́n bí inú ọkọ̀ ṣe rí nígbà yẹn náà ló ṣe rí lónìí: ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn lábẹ́ òrùlé kan, lìfítì kan náà, ṣíbí bùfẹ́ kan náà tí gbogbo ọwọ́ ń dì mú, gbọ̀ngàn kan tí gbogbo wa ń jókòó sí lálẹ́ láti wòran. Ibi gbogbo láyé làwọn èèyàn náà sì ti wá. Nígbà tó bá jẹ́ ìgbà ooru lọ́dọ̀ wa níbí, ìgbà òtútù ni ní Australia, flu wọn ń jà lọ́hùn-ún, ẹnì kan ṣoṣo tó bá wọ bàálù wá wọkọ̀ ti tó, nítorí náà ẹ má rò pé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ ní July ti bọ́.

Ọjọ́ Sátidé tá a wọkọ̀ ni Tóbi ti ń húkọ́ díẹ̀díẹ̀, mo fún un ní parasítámọ̀, mo ní ikọ́ ilé ìwé ni. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè a wà lórí Bay of Biscay, òkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Faransé àti Spéìn, omi ibẹ̀ máa ń ru gan-an nírú àsìkò yẹn, ọkọ̀ ń mì, nígbà tí Màámi wá ní òòyì ń kọ́ àwọn, gbogbo wa gbà pé omi ni. Wọ́n tún ní afẹ́fẹ́ AC ló gbá àwọn. Nígbà tó fi máa di alẹ́ Mọ́ńdè ara wọn ti gbóná janjan, eegun ń ro wọ́n, wọn ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, mo yẹ ṣúgà wọn wò, ó ti lọ sókè tí mi ò rí irú ẹ̀ rí, torí Màámi ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru náà sì wà lára wọn. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú àgbà, ẹ̀rù ba èmi náà.

Dọ́kítà ọkọ̀ fi òwú ro imú wọn, kò pẹ́ tí èsì dé, flu ni, ti Tóbi náà flu ni. Ó fa omi sí Màámi lára, ó fún wọn ní oògùn flu tí wọ́n ń pè ní Tamiflu, ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé a tètè wá, torí inú wákàtí 48 tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ ló máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ó wá ní kí àwọn méjèèjì má jáde ní kábíìnì, ìyẹn yàrá wa nínú ọkọ̀, mọ́, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n á máa gbé oúnjẹ sí. Gbogbo ìtọ́jú yẹn ni wọ́n ń kọ mọ́ owó kábíìnì wa. Mo mú káàdì GHIC dání, èyí tá a fi ń gba ìtọ́jú ìjọba tá a bá lọ sí Yúróòpù, mo rò pé á ṣiṣẹ́, kì í ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ dọ́kítà inú ọkọ̀ rárá. Owó tá a san lé ní ẹgbẹ̀rún pọ́n-ún kan. Inṣọ́ránsì wa ò sì san kọ́bọ̀ padà, torí èyí tá a rà kò ní ti krúùsì nínú, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ta ìyẹn, mi ò ka ìwé ẹ̀ délẹ̀.

Ọjọ́rú lọkọ̀ wọ Lisbon. Kábíìnì inú la gbà torí òun lowó ẹ̀ wálẹ̀, kò ní fèrèsé kankan. Fèrè ọkọ̀ ni Màámi gbọ́, wọ́n ní “Àdùkẹ́, ṣá a ti dé ni?” Mo ní a ti dé mà. Wọ́n ní kí n lọ bá àwọn wò ó kí n wá ròyìn ẹ̀ fáwọn. Aṣọ òkè wọn wà níbẹ̀, lára hángà, láti ọjọ́ tá a ti wọkọ̀. Mo fi ìbòmú bo imú, mo jókòó tì wọ́n, mi ò lọ síbì kankan. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, tí mo bá rántí ohùn tí wọ́n fi bi mí, omi máa ń lé sí mi lójú. Kò sì parí síbẹ̀ o, ọjọ́ kejì tá a délé, ọkọ mi náà dùbúlẹ̀, a ṣe tẹ́ẹ̀sì fún un, tiẹ̀ Kòfídì ni.

Lọ́dún 2025 a tún lọ. Màámi kọ́kọ́ kọ̀, wọ́n ní ọkàn àwọn ò sí níbẹ̀ mọ́, àwọn àbúrò mi ló bẹ̀ wọ́n. Lọ́tẹ̀ yìí kí n tó san owó ọkọ̀ ni mo ti mú kàlẹ́ńdà, mo ka ọjọ́ sẹ́yìn láti ọjọ́ tọ́kọ̀ máa ṣí. Ara máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kó tó gbára dì dáadáa, ti flu bẹ́ẹ̀, ti Kòfídì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lọ gbà á lọ́jọ́bọ̀ tó wọkọ̀ ní Sátidé, ibi tí ara ẹ̀ ti ń múra lọ́wọ́ làìsàn á bá a. Ọkọ̀ wa di ọjọ́ 25 oṣù kẹwàá, a gún tiwa lọ́jọ́ 4, ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ má sún un mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ lè débẹ̀ kí wọ́n ní ó ti tán tàbí kí ara yín má yá lọ́jọ́ yẹn.

Nǹkan kan wá yí padà tí mi ò fẹ́ kó bá yín lójijì. NHS ò fún ẹni 65 ní ti Kòfídì lọ́fẹ̀ẹ́ mọ́ lọ́dún 2025 yẹn, 75 sókè ni, àtàwọn tó ń gbé nílé ìtọ́jú arúgbó, àtàwọn tí ara wọn ò lágbára láti bá àìsàn jà. Màámi ò tíì pé 71, pẹ̀lú ṣúgà tó wà lára wọn wọn ò sí nínú ẹ̀, ó dùn mí, mo ṣì rò pé ó yẹ kírú wọn wà níbẹ̀. Flu wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá, ti Kòfídì la lọ san fún ní kẹ́mísìtì, ó sún mọ́ 100 pọ́n-ún. Owó gidi ni, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti san ti dọ́kítà orí omi rí. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n gba méjèèjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, apá dùn wọ́n, wọ́n sùn títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, wọ́n dìde wọ́n ní ká ro àmàlà fáwọn.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan fi ohùn ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé abẹ́rẹ́ flu gan-an ló máa ń kó flu ran èèyàn. Rárá mà. Kòkòrò tó wà láàyè ò sí nínú èyí tí wọ́n ń gún wa, ara gbígbóná ọjọ́ kan yẹn, ara ló ń kọ́ṣẹ́. Àwọn tó ń sọ pé àwọn gba tèṣí náà, flu máa ń pààrọ̀ ara ẹ̀ lọ́dọọdún, abẹ́rẹ́ náà ń pààrọ̀ tẹ̀ lé e, agbára tèṣí sì ti lọ sílẹ̀. Ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ jẹ́ Mùsùlùmí, òótọ́ ni pé gelatin ẹlẹ́dẹ̀, ohun kan tí wọ́n ń yọ lára ẹlẹ́dẹ̀, wà nínú èyí tí wọ́n ń fín sí àwọn ọmọ nímú, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù pé abẹ́rẹ́ tí ò ní in lẹ fẹ́, wọ́n máa fún wọn. Ẹ má torí ẹ̀ jù ú sílẹ̀.

Mi ò ní purọ́ fún yín pé abẹ́rẹ́ ní kò sóhun tó lè ṣe èèyàn mọ́. Lọ́dún 2025 yẹn náà àbúrò mi obìnrin kó Kòfídì lórí ọkọ̀, òun náà ti gbabẹ́rẹ́, ọ̀fìnkìn ọjọ́ mẹ́ta ni, kò dùbúlẹ̀, kò nílò dọ́kítà. Màámi ní tiwọn fi aṣọ òkè ọdún tó kọjá sọ̀kalẹ̀ ní Lisbon. Ti inú rírun tó máa ń jà lórí ọkọ̀, ìyẹn norovirus, kò sí nínú èyí tá à ń sọ, ọṣẹ àti omi ni tiẹ̀, jẹ́ẹ̀lì ọwọ́ kì í ràn án dáadáa.

Ní tìnṣọ́ránsì, ẹ bi wọ́n pé ṣé krúùsì wà nínú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì dárúkọ ṣúgà, bípí, asimá, gbogbo ẹ̀ pátá, kí wọ́n má lọ torí ìyẹn kọ̀ láti sanwó fún yín. Ẹ mú kíìtì tẹ́ẹ̀sì Kòfídì méjì mẹ́ta sínú báàgì, àti oògùn yín tó máa tó yín lò ju iye ọjọ́ ìrìnàjò lọ. Tára bá gbóná, ẹ má sọ pé AC ni, ẹ má gba bùfẹ́ lọ, ẹ má tiẹ̀ dìde lọ bá dọ́kítà fúnra yín, fóònù wà nínú kábíìnì, ẹ gbé e, ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ sọ aago tó bẹ̀rẹ̀ fún wọn.