Ìjàpá mi àti epo ọ̀wọ́n

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé epo dé ni. Ìjàpá mi, Volkswagen ọdún 1972, ni mo gbé lọ. Mo tẹjú mọ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ta epo: owó ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, lítà ń rá pálá. Táǹkì ò tíì dé ìdajì tí mo fi ní kí wọ́n dúró.

Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ Àìkú kì í kọjá kí èmi àti ẹ̀ má jáde, a ò tilẹ̀ ní ibi tí à ń lọ. Ẹ má wulẹ̀ ní kí n gbé e kalẹ̀ sílé nítorí owó epo o! Epo tó bá pẹ́ jù nínú kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́ kó tó wọ ẹ́ńjìnnì, á ki bí oje igi, á dí àwọn ihò tín-ín-rín inú ẹ̀. Mẹkáníìkì ló máa jẹ owó yẹn.

Nígbà tí mo délé, mi ò tètè paná ẹ̀. Mo jókòó sínú ẹ̀, ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn yẹn ń dún tàkà-tàkà-tàkà. Epo ń jó lọ, mo mọ̀. Ìyàwó mi yọjú: "Ṣé ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀ ni?" Mo ní ó ku díẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́, ṣé ẹ ṣì ń gbé e jáde, àbí ẹ̀yin náà ti di awakọ̀ inú ọgbà?