"Love" ní Leeds, Àlájì ní Ìlọrin

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Leeds, ní àríwá England, mo rò pé àìsàn ló hàn lójú mi. Ẹni tó bá ti pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́, "You alright?" ni. Èmi á dúró, màá gbé báàgì sílẹ̀, màá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé: orí ń fọ́ mi díẹ̀, òtútù yìí pọ̀, àwọn ará ilé ò tíì pè. Kí n tó dé ìdajì, onítọ̀hún ti kọjá lọ sídìí ẹ̀rọ kọfí. Àṣé ìkíni lásán ni! Kí o dá "alright" padà fún un, kí o máa bá tìrẹ lọ, ó parí. Tí mo bá kí èèyàn bẹ́ẹ̀ ní Ọjà-Ọba, ní Ìlọrin wa, tí mi ò béèrè ìyá, ọmọ àti ẹni tí ara rẹ̀ ò yá lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n á ní ìlú Òyìnbó ti bà mí jẹ́.

"Love" ni ìyàwó mi ò kọ́kọ́ gbà. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ìyá oníbúrẹ́dì, ọkùnrin onírùngbọ̀n tó ń ta ẹja, "love" ni wọ́n ń pè mí. Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Ṣé gbogbo ẹni tí ọlọ́kadà Ìlọrin ń pè ní Àlájì ló ti dé Mẹ́kà? Mi ò tíì pé ọmọ ogún ọdún tí wọ́n ti ń pè mí ní Àlájì, nítorí fìlà.

"Tea" gan-an ló fojú mi rí màbo. Ọ̀gá kan níbi iṣẹ́ ní kí n wá jẹ "tea" nílé òun ní aago márùn-ún àbọ̀. Lọ́kàn tèmi, ife tíì kan, bisikíìtì méjì. Mo bá jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, mo yó bámúbámú, kí n tó jáde. Nígbà tí mo débẹ̀, ọ̀dùnkún rèé, ẹja ńlá rèé (wọ́n mọ̀ pé Mùsùlùmí ni mí, wọn ò se ẹran), ẹ̀fọ́ rèé. Oúnjẹ alẹ́ ni ọ̀pọ̀ ará àríwá England ń pè ní "tea". Ife tíì ò tiẹ̀ yọjú. Ìyàwó ọ̀gá ń wo bí mo ṣe ń fi omi ti òkèlè lọ sísàlẹ̀, ó ní ṣé kò dùn ni. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ọ̀rọ̀ owó ni mo ti rí i pé a ò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà síra. Bí owó bá tán lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin, á ní "sapa ti mú mi", bí ẹni pé ọlọ́pàá ni sapa. Ará ibí á ní òun "skint", ìyẹn ni pé wọ́n ti bó òun láwọ. Bàbá kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ wá sọ pé ọkọ̀ òun gba "a few bob". Kí ló ń jẹ́ bob? Ṣílè ni! Láti 1971 ni wọ́n ti yí owó wọn padà níbí, náírà sì dé ọ̀dọ̀ wa ní 1973, síbẹ̀ ìyá ìyá mi tó ń ta ẹ̀kọ kò pe kọ́bọ̀ mẹ́wàá ní nǹkan mìíràn ju ṣílè lọ títí ó fi kú. Owó ti kú níbi méjèèjì, ẹnu ni ò jẹ́ kí wọ́n sin ín.

Mo ti ń fi "You alright?" wọn ṣe yẹ̀yẹ́ tipẹ́ kí tèmi tó ṣẹlẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ṣí kúlà ìrẹsì mi, wàrà díndín mẹ́ta wà lórí rẹ̀, èyí tí ìyàwó mi fi mílíìkì ṣọ́ọ̀bù ṣe. Ọmọkùnrin kan ń kọjá, mo ní kó wá jẹun. Ọmọ Ìlọrin mọ èsì rẹ̀: "Á gba ibi ire o," á sì máa lọ. Eléyìí ní "Cheers!" ("o ṣeun" tiwọn nìyẹn), ó fa àga, ó wá fọ́ọ̀kì, wàrà ló sì kọ́kọ́ gún. Ó jẹ méjì.

Lọ́jọ́ kejì, bó ṣe yọ lọ́ọ̀ọ́kán, mo dé kúlà, mo ní "You alright?", mo sì tètè wo ibòmíràn.