Ẹyin alángbá ní Ebute-Metta àti Ìsàlẹ̀ Èkó: ibi tí mo bá a dé

2 oṣù karùn-ún
Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Abo alángbá kan ń gbẹ́ yanrìn tí àwọn bíríkìlà kó jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa. Ó gbẹ́ ẹ títí, ó yí ìdí sí ihò, ó dúró pẹ́. Nígbà tó máa fi bo ihò náà, ikùn rẹ̀ ti fẹ́lẹ́. Wọ́n ní gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ọdún kẹta tí mo ti ń wò wọ́n rèé, mo ti ń dá èyí tó lóyún mọ̀: ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a máa rí kókó-kókó.

6 oṣù karùn-ún
Wọ́n fẹ́ kó yanrìn po sìmẹ́ńtì. Mo sáré jáde.
“Màmá, ẹyin alángbá náà lẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún?”
“Ọmọ mi, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré.”
Ẹyin mẹ́fà. Mo fi pẹ́ńsùlù sàmì sókè ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé e, torí pé ọlẹ̀ inú rẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo; ẹni bá dojú ẹyin dé lè pa á. Lọ́dún àkọ́kọ́ n kò mọ̀, gbogbo wọn ló bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó sì dùn mí gan-an. Èèpo ẹyin alángbá rọ̀ bí awọ, ó ń fa omi inú ilẹ̀ mu, ẹyin a sì máa tóbi sí i. Ti ọmọńlé le, méjì péré ló sì máa ń yé. Yanrìn tútù nínú ike ni mo kó wọn sí, ní ìdí ògiri tí oòrùn ń dé.

24 oṣù karùn-ún
Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó náà ní ẹyin: márùn-ún, nínú ìkòkò òdòdó lábẹ́ àtẹ̀gùn. Sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá wọn, ibẹ̀ nìkan ni abo náà rí gbẹ́. Ọjọ́ kejì tèmi ló yé e. Mo gbé tẹmómítà kan fún wọn. Tiwọn jẹ́ 26 sí 27 °C. Tèmi jẹ́ 27 láàárọ̀, 31 lọ́sàn-án.

Ohun tó gbà mí lọ́kàn nìyí. Ní 1966, Charnier, onímọ̀ nípa ẹranko kan ní Dakar, kọ ọ́ pé ooru ló ń pinnu akọ tàbí abo nínú ẹyin Agama agama, alángbá tiwa yìí gan-an: ní 26 sí 27 °C, abo, ní 29 °C, akọ ló pọ̀ jù. Kò tíì sẹ́ni tó rí irú rẹ̀ lára ẹranko afàyàfà kankan ṣáájú ìgbà náà. Afárá kan ló wà láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé abo ni tiwọn, tèmi akọ? Ìbí irú ẹranko kan náà lè yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn lóòótọ́. Zootoca vivipara, irú alángbá kan ní Yúróòpù, ń yé ẹyin ní agbègbè òkè Pyrenees, ọmọ ló sì ń bí ní Britain.

5 oṣù keje
Mẹ́rin yọ nínú mẹ́fà! Ọjọ́ kẹrìnlélọ́gọ́ta. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni gbogbo wọn. Ó di ìgbà tí orí akọ bá pọ́n ká tó mọ̀ wọ́n, nítorí náà mo ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan kí n tó tú wọn sílẹ̀ sídìí ògiri.

11 oṣù keje
Ẹ̀gbọ́n mi pè: “Tèmi ò tíì yọjú o. Ṣé kí n hú u wò ni?”
“Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi wo tẹmómítà.”
“26 ni.”
Mo kọ ọ́ sílẹ̀.