Ẹ̀yin tó ń múra sẹ́mínà, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí lórí eyín narwhal

Ẹ̀yin àbúrò mi tó ń ka zoology, tẹ́ ẹ pọ̀ sí Agbowó bí èèrà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti jáde, mo ní kí n ka ẹ̀kọ́ márùn-ún sílẹ̀ fún yín.

Ìkíní, ẹ má jẹ́ kí slide yín pọ̀ jù. Ìkejì, NEPA ò mọ̀ pé ẹ ní sẹ́mínà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ìkẹta, ẹ má gba soft copy lọ́wọ́ bọ̀ọ̀dá kankan. Ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Èmi gbà á. Lórí narwhal ni, àbùùbùtán tó ń gbé inú òkun yìnyín lọ́hùn-ún ní Canada àti Greenland. Mo há gbogbo ẹ̀ sórí, pé ó ń rì wọ inú omi ju mítà 1,500 lọ, pé bó ṣe ń dàgbà ló ń funfun. Lọ́jọ́ náà mo wọ kóòtù ẹ̀gbọ́n mi, ni mo bá bẹ̀rẹ̀, ìwo ẹ̀ lè gùn tó mítà mẹ́ta, ìwo báyìí, ìwo bẹ́ẹ̀. Bàbá kan tó ti ń tòògbé lẹ́yìn látàárọ̀ ṣàdédé lajú, ó fi Yorùbá bi mí: "Ọmọ mi, nílé yín, ìwo erin lẹ ń pè é ni àbí eyín erin?" Mo ní eyín erin ni, sà. "Ta ló wá sọ tèyí di ìwo?"

Ẹ̀rín tí wọ́n rín mi, mo ṣì ń gbọ́ ọ.

Eyín ni o! Eyín òkè lápá òsì ló lu ètè jáde, tó lọ́ yípo bí okùn. Akọ ló sábà máa ń ní i. Nínú ẹnu fúnra ẹ̀, kò sí eyín tó lè fi jẹun, ńṣe ló ń fa ẹja wọ ọ̀fun bí ẹni ń fa ẹ̀kọ mu. Àwọn òyìnbó àtijọ́ ló ń rà á lówó gegere bí ìwo ẹṣin kan tí ò sí láyé, wọ́n ní ó ń pa oró májèlé, kí Ole Worm ará Denmark tó là wọ́n lójú ní 1638. 1638 o! Èmi wá lọ ń tún un sọ n'Ìbàdàn.

Súpáfáísọ̀ mi ló ṣì ń dùn mí jù. Ó kà á, ó buwọ́ lù ú, lọ́jọ́ náà ó kàn ń tẹ fóònù ni.

Ìkẹrin àti ìkarùn-ún ti fò mí lórí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan fi tiẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé kí n bá òun wò ó. Mo ṣí slide kẹrin. Ìwo. Fọ́tò kan náà, àti "Greeland" tí èmi fúnra mi fi ọwọ́ ara mi tẹ̀, tí mo fo n lójú ẹ̀, ó ṣì wà níbẹ̀ digbí.