A Dé Taipei, Alhaja Kò Jẹ Ẹlẹ́dẹ̀

Ẹni tó bá sọ fún yín pé kò sí wàhálà oúnjẹ ní Taipei, olú ìlú Taiwan, ẹ bi í bóyá ó ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Bó bá ní òun ń jẹ ẹ́, òótọ́ ló sọ. Oúnjẹ pọ̀ nílùú yẹn, kò wọ́n, ó sì dùn. Ṣùgbọ́n èmi nìkan kọ́ ni mo rin ìrìnàjò yìí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí gbogbo ilé ń pè ní Alhaja ni a jọ lọ, Alhaja kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ṣeré. Èmi ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń lọ ní tèmi. Ẹ má bi mí bó ṣe jẹ́, bí ilé wa ṣe rí nìyẹn.

Ọjà kọ̀ǹpútà ló gbé wa dé ọ̀hún. Alhaja ní ṣọ́ọ̀bù ní Computer Village n'Ìkẹjà, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí Computex, ìpàtẹ kọ̀ǹpútà ńlá tí wọ́n máa ń ṣe ní Nangang, àdúgbò kan ní Taipei. A rí i. Ẹsẹ̀ dùn wá. Ọ̀rọ̀ ìpàtẹ parí síbẹ̀, ebi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Inú ọkọ̀ ojú irin ni ebi ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa wá. Bí Alhaja ṣe yọ ṣinṣín nínú báàgì báyìí, mo yára di ọwọ́ wọn mú. Ìkìlọ̀ wà lára ògiri: ẹni tó bá jẹun nínú ọkọ̀ náà, ì báà ṣe omi ló mu, owó ìtanràn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1,500 dọ́là Taiwan, ó sì lè dé 7,500. Dọ́là Amẹ́ríkà kan máa ń tó nǹkan bí 30 tiwọn, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. "Ṣinṣín mélòó ni mo fẹ́ jẹ tí wọ́n á fi gba irú owó yẹn lọ́wọ́ mi?" Wọ́n dá a padà sínú báàgì, wọn ò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi sọ̀ kalẹ̀.

Dumpling ni mo ti ń lá àlá rẹ̀ láti Èkó. Ìyẹ̀fun àlìkámà ni wọ́n máa ń pò, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ, wọ́n á di ẹran lílọ̀ àti ewébẹ̀ sínú ẹ̀, wọ́n á pa ẹnu ẹ̀ dé, bíi mítípáì kékeré tí ènìyàn lè jù sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èyí tí wọ́n bá bọ̀ lómi ni wọ́n ń pè ní shuijiao, èyí tí wọ́n bá dín ni guotie, èyí tí wọ́n fi ooru omi sè, tí omi ọbẹ̀ wà nínú ẹ̀, ni xiaolongbao. Ìrẹsì ni oúnjẹ àwọn ará erékùṣù Taiwan látijọ́. Àwọn tó sá wá láti Ṣáínà láwọn ọdún tó yí 1949 ká, nígbà tí àwọn Kọ́múníìsì lé ìjọba Chiang Kai-shek kúrò níbẹ̀, ló gbé oúnjẹ ìyẹ̀fun dé lọ́pọ̀ yanturu, àlìkámà ìrànwọ́ láti Amẹ́ríkà sì tún kún un lẹ́yìn náà. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá nígbà yẹn ni Yang Bing-yi, ọmọ ìpínlẹ̀ Shanxi ní Ṣáínà tó dá Din Tai Fung sílẹ̀, ilé oúnjẹ tí gbogbo àlejò ń béèrè bí wọ́n bá dé Taipei. Òróró ìsebẹ̀ ló kọ́kọ́ ń tà lọ́dún 1958. Nígbà tí ọjà òróró kò lọ dáadáa mọ́, ní 1972, ó yà sídìí xiaolongbao. Ìṣẹ́po 18 ni wọ́n ń ṣẹ́ sórí ìkọ̀ọ̀kan.

Bí mo ṣe ń fi ìtàn yìí yangàn fún Alhaja lójú títì ni wọ́n bá bi mí pé omi tó wà nínú ẹ̀ ńkọ́, kí ni wọ́n fi ń ṣe é? Mo ní awọ ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n máa ń sè títí, omi ẹ̀ á wá dì tó bá tutù, wọ́n á gé e mọ́ ẹran, tí ooru bá wá kàn án, á yọ́.

"Aúsù bílláhì!"

A kọjá níbẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí a padà yà sí wà nínú kọ̀rọ̀ kan, kékeré ni, tábìlì onírin, àga tí kò ní ẹ̀yìn, fáànù méjì tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń dín guotie. Bí ọ̀gbẹ́ni tó wà nídìí iná ṣe ń ṣe é wù mí wò: á tò wọ́n ní ẹsẹẹsẹ sínú agbada pẹlẹbẹ, á da omi lé e, á dé e. Ariwo ńlá, èéfín. Tí ariwo náà bá ti rọlẹ̀, omi ti gbẹ nìyẹn, epo nìkan ló kù nísàlẹ̀. Bó bá kó wọn jáde, ìdí wọn ti pọ́n, ó ti gan, òkè wọn ṣì rọ̀.

Kò sẹ́ni tó kí wa káàbọ̀. Bí ṣọ́ọ̀bù irú èyí ṣe rí níbẹ̀ nìyẹn, ẹ má bínú sí wọn. Bébà kékeré ni ẹ máa mú lórí tábìlì, pẹ́ńsù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ máa kọ iye tí ẹ fẹ́ síwájú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ máa kọ nọ́ńbà tábìlì yín, ẹ máa mú un lọ síwájú, ẹ sanwó. Ìkọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń ka dumpling, dọ́là Taiwan 7 ni ẹyọ kan níbi tí a lọ, wọn ò sì ta dín ní mẹ́wàá. Omi sọ́yà, fínígà, ata olóròóró àti aáyù gígún wà níbì kan, kóńkó jabele ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀, kálukú ló ń po tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń dúró lé yín lórí, kò sí pé ẹ fi nǹkan sílẹ̀ fún ẹni tó gbé oúnjẹ wá. Èmi fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ti ń fi ìdá mẹ́wàá lé owó yín tí wọ́n á ní owó iṣẹ́ ni. Iṣẹ́ wo?

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé tí ẹ bá ní ìbéèrè, kò sẹ́ni tó ráyè yín. Lédè Ṣáínà ni gbogbo ohun tó wà lórí bébà náà. Mo ti kọ ọ́ sórí fóònù mi ní èdè wọn láti hòtẹ́ẹ̀lì, gbàgàdà, pé ẹni yìí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ nítorí ẹ̀sìn. Mo fi han obìnrin tó ń gbowó. Ó kà á. Ó mi orí pé òun gbọ́. Òun fúnra ẹ̀ ló gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ mi tó kọ 10 síwájú ìlà kan fún Alhaja. Mo kọ 20 síwájú ti èmi, ti guotie, mo sanwó.

Nígbà tí ti Alhaja dé, ewé tútù ló kọ́kọ́ hàn lára ẹ̀, inú wa dùn. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni Alhaja, wọn kì í gba ọjà láì tú u wò. Wọ́n fi ìdí ṣíbí la ọ̀kan. Ewé wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹran wà pẹ̀lú, ó funfun, ó ń dán.

Alhaja gbé abọ́ náà, wọ́n lọ bá obìnrin yẹn níwájú. Wọ́n nàka sí ẹran náà, wọ́n wá dún bí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ń dún. Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá àgbà tó ti lọ sí Mẹ́kà, ń ṣe húnkù-húnkù láàárín ilé oúnjẹ àjèjì! Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló gbé àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá sókè, ó fi wọ́n fún àlàfo kékeré sáàárín, pé ẹlẹ́dẹ̀ inú ẹ̀ kò pọ̀, díẹ̀ báyìí ni.

Díẹ̀ báyìí!

Ohun tó tẹ̀lé e kò ṣeé kọ tán. Alhaja ń sọ Yorùbá, obìnrin náà ń sọ èdè tirẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbọ́ ara wọn yé dáadáa. Alhaja ní kó dá 70 dọ́là òun padà. Òun náà ní oúnjẹ ti jáde, ẹ ti là á. Àwọn tó ń jẹun kò tilẹ̀ gbójú sókè. Mo gbé fóònù mi jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, mo tún fi ohun tí mo kọ hàn án, ó tún mi orí. Owó yẹn kò tó nǹkan, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó. Ẹ ka ohun tí oníbàárà kọ, ẹ gbà, ẹ tún wá fi ọwọ́ ara yín yan òdìkejì fún un. Kò dá kọ́bọ̀ padà.

Mo padà sídìí tábìlì mi, guotie mi ti dé. Kí ni kí n ṣe? Mo jẹ ẹ́. Ó dùn débi pé ojú ń tì mí. Ìdí ẹ̀ ń ró léyín, inú ẹ̀ ń tú omi gbígbóná sórí ahọ́n, mo sì po fínígà mọ́ aáyù àti ata títí imú mi fi ń ṣomi. Ata wọn kì í tètè ta, ẹ má fi ojú pupa ẹ̀ wò ó, ẹ bù ú dáadáa. Alhaja dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n káwọ́, wọ́n ń wò mí.

"O tún ń jẹ ẹ́?"

"Owó ti wọlé, Alhaja."

Ẹ má rò pé ọbẹ̀ olómi kíkan tí wọ́n ń tà síbẹ̀ lè gba irú Alhaja là. Fọ́nrán ẹran ẹlẹ́dẹ̀ máa ń wà nínú ẹ̀, nígbà míì ẹ̀jẹ̀ dídì pẹ̀lú. Ẹyin tí wọ́n sè nínú omi tíì ni Alhaja padà jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, láti ṣọ́ọ̀bù kan tó ń ṣí tọ̀sán-tòru. Níbẹ̀ ni inú wọn ti kọ́kọ́ rọ̀ díẹ̀, nítorí ọmọ tó tajà fún wa fún wọn ní rìsíìtì, mo sì sọ fún wọn pé tẹ́tẹ́ ni. Òótọ́ ni: nọ́ńbà wà lórí rìsíìtì kọ̀ọ̀kan, ìjọba sì ń fa tẹ́tẹ́ rẹ̀ ní oṣù méjì-méjì, kí àwọn oníbàárà lè máa béèrè rìsíìtì, kí ọlọ́jà má bàa sá fún owó orí. Mílíọ̀nù 10 dọ́là wọn ni ẹ̀bùn tó ga jù. Látìgbà náà, kò sí rìsíìtì tí Alhaja jù nù. Wọ́n tilẹ̀ ń wo èyí tí àwọn ẹlòmíràn jù sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ máa wá ilé oúnjẹ àwọn tí kì í jẹ ẹran rárá. Ẹ̀sìn Búdà mú kí wọ́n pọ̀ níbẹ̀, àmì 素 sì máa ń wà lára pátákó wọn. Wọ́n ń ta dumpling pẹ̀lú. Alhaja tọ́ ọ wò. Wọ́n ní kò burú, lọ́nà tí wọ́n máa ń gbà sọ pé iyọ̀ kò tó.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló tún gbogbo ẹ̀ ṣe. Mọ́sálásí ńlá Taipei wà lójú títì Xinsheng South, ọdún 1960 tí àwa gba òmìnira ni wọ́n ṣí i. Alhaja wọlé lọ kírun, èmi jókòó sábẹ́ igi nínú ọgbà Daan ní òdìkejì títì. Nígbà tí mo padà kọjá síbẹ̀, ẹ̀bá ọ̀nà ti di ọjà. Ọ̀pọ̀ àwọn ará Indonesia tó ń ṣiṣẹ́ nílùú náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn bàbá àgbà ọmọ Ṣáínà onífìlà funfun, gbogbo wọn ń ra oúnjẹ hàláàlì. Alhaja ti dúró síwájú obìnrin kan tó ń ta dumpling ẹran màlúù.

Mẹ́wàá, 100 dọ́là. Alhaja kọ 80 sórí fóònù. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kọ 100. Alhaja ṣe bí ẹni tó ń lọ, bí a ṣe máa ń ṣe é l'Ọ́yìngbò. Kò sẹ́ni tó pè wọ́n padà. Àwọn fúnra wọn ló yí padà, wọ́n san 100. Obìnrin yẹn wá fi ṣíbí ńlá bu méjì sí i, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni tọrọ.

"Ó mọ ènì!" Alhaja kígbe. "Ọmọlúàbí ni!"

Orí ìdúró ni wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Mo na ọwọ́ sí ìkan nígbà tó ku mẹ́ta, wọ́n gbé abọ́ náà kúrò lọ́dọ̀ mi: "Ìwọ ti jẹ tìẹ." Èmi náà ní láti tò, kí n ra tèmi. Awọ ìyẹ̀fun ẹ̀ nípọn ju ti guotie mi lọ, ẹran ẹ̀ sì kún fún àlùbọ́sà eléwé, ó ta sánsán. Guotie ọjọ́sí ṣì dùn jù ú lọ. Mi ò sọ ọ́ létí Alhaja.

Tí ẹ bá ń lọ, ibùdó ọkọ̀ ojú irin Daan Park ni kí ẹ ti sọ̀, lórí ìlà pupa, kí ẹ wá fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹ mú owó bébà dání, wọn ò gba káàdì lọ́wọ́ wa. Kí ẹ sì má rò pé ẹ ó kọ́kọ́ lọ sinmi ní hòtẹ́ẹ̀lì kí ẹ tó wá ra èyí tí ẹ máa jẹ lálẹ́: nígbà tí Alhaja padà lọ wá ènì wọn kejì, obìnrin náà ti palẹ̀ mọ́, aago mẹ́ta kò tíì lù.