Owó Bátìrì Kì Í Ṣe Owó Mi

Oníbàárà kan ní Mọ́níyà san ₦1,400,000 sí àkáǹtì mi láàárọ̀ yìí. Ẹni tó bá rí àlàátì yẹn á ní mo ti là. Bátìrì, páànẹ́lì, wáyà àti owó ọkọ̀ ló ni èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Bí mo bá so sólà náà tán, ohun tó máa kù sí mi lọ́wọ́ ò ju ₦180,000 lọ.

Nígbà tí mo wà ní ọ́fíìsì, wọ́n á ti yọ owó orí kí owó oṣù tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ní báyìí, èmi lọ̀gá, èmi lakápò. Ìyá Tóbi, tó ń ta aṣọ ní Gbági, kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín ni: "Bàbá Tóbi, ẹ̀yin olówó oṣù, ẹ ò mọ ojú owó yàtọ̀ sí èrè."

Mo ṣírò owó orí mi lálẹ́ yìí. Nínú òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní January 2026, wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún. Ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e. ₦9,000,000 tó tún tẹ̀ lé ìyẹn, ìdá 18. Owó ilé mi jẹ́ ₦400,000 lọ́dún, wọ́n á sì yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ₦80,000, kúrò nínú èrè kí wọ́n tó bu owó orí. Bí èrè mi bá jẹ́ ₦3,080,000, owó orí á jẹ́ ₦330,000, ìyẹn ₦27,500 lóṣù. Ó ṣeé yọ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá dúró di March 31, tí gbèdéke máa pé, ibo ló ti fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? (Àwọn bàbá wa tó ja ìjà Àgbẹ́kọ̀yà torí owó orí lọ́dún 1968 ò ní gbà pé ọmọ àwọn ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú owó orí báyìí.)

Mo fẹ́ máa kó o fún aláàjọ. Ìyá Tóbi ní rárá, pé ọjọ́ tí iṣẹ́ bá dá, èmi náà ni màá sáré lọ gbà á padà. Àkáǹtì mìíràn ni màá ṣí, tí mi ò ní gba káàdì rẹ̀.

Rìsíìtì ló ṣì ń dà mí láàmú. Bí n kò bá rí ìwé fi hàn pé mo ra bátìrì, ta ló máa gbà pé gbogbo owó Mọ́níyà yẹn kì í ṣe èrè? Ẹ̀yìn páálí ni ẹni tí mo ń rà á lọ́wọ́ ní Ògùnpa máa ń kọ iye sí. Tí mo bá bèèrè ìwé, á ní, "Àbúrò, ṣé o ò fọkàn tán mi ni?" Màá tún bèèrè lọ́la. Bí kò bá fún mi, màá rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, bó tilẹ̀ wọ́n díẹ̀.